Bí A Ṣe Rí Ibi Da Ẹ̀gbin RV Sí ní Òkè Great Smoky

RV, ìyẹn ọkọ̀ ńlá tí èèyàn lè sùn, kí ó sì dáná sínú rẹ̀ lójú ìrìn àjò, ni a háyà ní Atlanta, táǹkì mẹ́ta sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan gba omi mímọ́ tí a fi ń sè, tí a sì ń mu. Ìkejì ni omi ìfọbọ́ àti omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí. Ìkẹta wà lábẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, gálọ́ọ̀nù 30 ni ó sì ń gbà. Àwa méje ni a jọ wà nínú ọkọ̀ náà: èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa mẹ́ta, àti àwọn òbí ìyàwó mi tí wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn. Ẹni tí kò bá tíì fi RV rìnrìn àjò rí lè máa rò pé epo ni olórí àníyàn. Ilé epo wà níbi gbogbo. Ibi tí a ó ti tú táǹkì kẹta yẹn ni kò sí níbi gbogbo, pàápàá ní àwọn ìlú orí òkè tí àwọn olólùdé ń rọ́ lọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní kíkún nítorí mo mọ àwọn ará wa tí wọ́n ti ń gbé àwọn òbí wọn gba irú ọ̀nà yìí. Orúkọ ibi tí wọ́n ó sùn ni wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ mi, wọn kì í béèrè ibi tí wọ́n ó ti tú táǹkì.

Elkmont ni à ń lọ, ibùdó àgọ́ kan nínú ọgbà ìjọba àpapọ̀ tí ń jẹ́ Great Smoky Mountains, ní apá ti Tennessee. Tanátaná ni a fẹ́ fi han àwọn àgbà. Láti ìparí oṣù karùn-ún sí àárín oṣù kẹfà, irú tanátaná kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wọn máa ń tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n á sì tún ṣú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èrò pọ̀ débi pé ìbò oríire ni wọ́n fi ń yan àwọn ọkọ̀ tí yóò wọlé ní ìrọ̀lẹ́ àwọn ọjọ́ náà. Ẹni tí ó bá ti gba àyè àgọ́ ní Elkmont kò nílò ìbò. Àyè àgọ́ ni àwa gbà.

Ọgbà yìí ti wà láti ọdún 1934, òun sì ni èrò ń lọ jù nínú gbogbo ọgbà irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà: ìbẹ̀wò tí ó tó bíi mílíọ̀nù 12 lọ́dún. Gatlinburg wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gan-an. Àwọn tí wọ́n ń gbé ìlú náà kò ju bíi 3,500 lọ, àmọ́ òtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ àti ilé eré ló kún ojú títì rẹ̀. Pigeon Forge tẹ̀ lé e ní ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà Sevierville. Nínú ọgbà náà fúnra rẹ̀, kò sí páìpù omi tàbí páìpù ẹ̀gbin tí RV lè so mọ́ ní àyè àgọ́, kò sì sí ilé ìwẹ̀. Elkmont ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí omi ń ṣàn, ṣùgbọ́n kò ní ojú ihò tí RV lè da ẹ̀gbin rẹ̀ sí. Mo ti mọ èyí kí a tó kúrò nílé. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba àyè fún alẹ́ àkọ́kọ́ ní ọgbà àgọ́ aládàáni kan nítòsí Pigeon Forge, kí a sùn, kí a tú táǹkì láàárọ̀, kí a sì gbé táǹkì òfìfo wọ Elkmont.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ṣéènì wà lórí ihò ìda-ẹ̀gbin ọgbà aládàáni náà, wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ọn. Ọkùnrin tí ó wà ní ọ́fíìsì fi sùúrù ṣàlàyé fún wa pé sọ́kàwéè ti kún láti òpin ọ̀sẹ̀, àti pé ọkọ̀ tí yóò fa á kò ní dé títí di ọjọ́ kejì. Wákàtí ìwọlé wa sí Elkmont kò lè dúró di ọjọ́ kejì. Mo wo ojú pátákó kékeré tí ó ń fi bí táǹkì ṣe kún hàn: iná rẹ̀ wà ní ìdá méjì nínú mẹ́ta.

Àwọn kan yóò ní kí a máa lọ bẹ́ẹ̀. Ìdá kan ṣì kù, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà ní Elkmont. Àmọ́ orúnkún Màmá ń dùn wọ́n. Wọ́n máa ń jí lóru bíi ẹ̀ẹ̀mejì, òkùnkùn ibẹ̀ sì jinlẹ̀, pàápàá ní ọ̀sẹ̀ tanátaná tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa tan tọ́ọ̀ṣì funfun kiri. Igbó béárì nìyẹn, kì í ṣe àròsọ. N kò ní jẹ́ kí ìyá ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin máa fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà olókùúta lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní òru nítorí pé táǹkì tiwa kún. Ibi tí a ti lè tú u kí a tó wọ Elkmont ni ohun tí a ní láti wá, nǹkan míì kò sí.

Bí a ṣe ń rò ó, ọkùnrin kan tí RV tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa sún mọ́ wa. Ó ní kí n má da ara mi láàmú. Ó ní tí ó bá di alẹ́, kí n wá ibi tí igbó ti sún mọ́ ọ̀nà, kí n ṣí fáàfù díẹ̀díẹ̀, òjò yóò fọ̀ ọ́ lọ. Ìyàwó mi dá a lóhùn kí n tó la ẹnu. Ó ní, "Ẹ ṣeun sà, ṣùgbọ́n ibo ni òjò náà máa fọ̀ ọ́ lọ?" Ìbéèrè yẹn ní ìdáhùn tí ó ṣe pàtó. Odò tí ń jẹ́ West Prong of the Little Pigeon ń ṣàn láti òkè ibẹ̀, ó gba àárín Gatlinburg kọjá, ó gba Pigeon Forge, ó sì pàdé odò ńlá ní Sevierville. Àwọn ọmọdé ń jókòó sínú rẹ̀ lórí àpáta ní oṣù kẹfà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2011, ògiri adágún kan wó ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìtọ́jú omi ẹ̀gbin Gatlinburg. Ó pa òṣìṣẹ́ méjì, ẹ̀gbin tí a kò tíì tọ́jú sì ya wọ odò náà. Ìlú tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí kò yẹ kí àlejò tún wá máa fi fáàfù ṣí ẹ̀gbin sínú igbó rẹ̀ lóru. Yàtọ̀ sí pé òfin kọ̀ ọ́, ojú tì mí fún ẹni tí ó lè sọ ọ́ jáde níwájú àwọn ọmọ mi.

A bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lórí fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì dára ní Pigeon Forge, èyí ṣe pàtàkì, nítorí bí a bá ti wọ inú ọgbà, fóònù kì í ríbi gbá mú mọ́. Ìyàwó mi ń ka àkójọ àwọn ibi ìda-ẹ̀gbin tí ó rí níbẹ̀, èmi ń pè. Ibi àkọ́kọ́ jẹ́ ọgbà àgọ́ aládàáni, obìnrin tí ó gbé fóònù sì ní àwọn tí ó sùn níbẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà láàyè títí ìgbà èrò yóò fi kọjá. Ibi kejì ṣì wà nínú àkójọ, àwòrán rẹ̀ pàápàá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà kò lọ mọ́. Nígbà tí a wo àwòrán ojú ilẹ̀ tí ó jẹ́ tuntun, ilé ìtajà ti wà lórí ilẹ̀ náà. Ibi kẹta gbà pé kí a wá, ogún dọ́là, àmọ́ wọ́n béèrè gígùn ọkọ̀ wa. Mo ní ẹsẹ̀ bàtà 28. Wọ́n ní ọ̀nà tí ó dé ibi ihò náà ṣẹ́ kọ́nà lójijì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àti pé àwọn kì í gba ohun tí ó ju 25 lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gidigidi. Ẹni tí ó béèrè gígùn ọkọ̀ ẹni kí ó tó gba owó, olóòótọ́ ni.

Ohun tí ó kù nínú àkójọ náà ni àwọn ilé epo ńlá ti àwọn onítírélà ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ I-40. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ihò fún RV, wọ́n sì ń gba owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n I-40 ti wà lẹ́yìn wa. Láti Gatlinburg sí ibẹ̀ lé ní máìlì 20, gbogbo rẹ̀ ni ó sì gba àárín Pigeon Forge àti Sevierville kọjá, níbi tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó gbóná. Àlọ àti àbọ̀ lè jẹ wá ní ìdajì ọjọ́.

Bàbá ti dákẹ́ láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àga àgọ́, wọ́n ń gbọ́. Ìgbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, àwọn agbépóò ni wọ́n kọ́kọ́ mẹ́nu bà, àwọn tí wọ́n ń gbé garawa lórí kiri Ìbàdàn lóru nígbà tí àwọn jẹ́ ọmọdé. Wọ́n ní kò sí ìlú tí ó ní èrò tí kò ní ibi tí àwọn agbépóò ń dà á sí, bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé, "Ìjọba tó ni igbó yìí ńkọ́? Àwọn òṣìṣẹ́ wọn tí wọ́n ń sùn sínú rẹ̀, ibo ni wọ́n ń da tiwọn sí?"

Ìbéèrè náà ni ó yí ọ̀rọ̀ padà. Àkójọ tí a ń kà lórí fóònù, àwọn oníṣòwò ni ó kún orí rẹ̀. A fi í sílẹ̀, a lọ sí ojú ìwé tí ọgbà náà fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde. Ó wà níbẹ̀ láìfarasin: ihò ìda-ẹ̀gbin wà ní àwọn ibùdó àgọ́ Smokemont, Cades Cove, Deep Creek àti Cosby, òmíràn sì wà ní òdìkejì ọ̀nà sí ilé àlejò Sugarlands. Sugarlands! Máìlì méjì péré ni ó sí Gatlinburg, ó sì wà ní ojú ọ̀nà tí a ó gbà lọ sí Elkmont gan-an. Ibẹ̀ ni a ti máa ń yà sí apá ọ̀tún, bíi máìlì 7 ni ó sì kù kí a dé àgọ́ wa.

N kò gbéra lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìwé kan tí ṣéènì gbé ti kọ́ mi láàárọ̀ yẹn pé ohun tí a kọ sílẹ̀ lè má ṣí. Mo bi ara mi pé bí Sugarlands bá wà ní títì, kí ni a ó ṣe? Cosby wà ní ìhà ìlà-oòrùn, ibùdó àgọ́ rẹ̀ kò sì gba ọkọ̀ tó gùn tó tiwa. Cades Cove lè gbà wá, ṣùgbọ́n máìlì 25 ni láti Sugarlands, lórí ọ̀nà tí ń lọ́ mọ́ etí odò, tí ọkọ̀ ńlá kò lè sáré lórí rẹ̀. Smokemont wà ní òdìkejì òkè, ní North Carolina, ọ̀nà Newfound Gap tí ó lọ síbẹ̀ sì ga dé ẹsẹ̀ bàtà 5,046. Gálọ́ọ̀nù omi kan wúwo ju pọ́n-ùn mẹ́jọ lọ. Kí èèyàn máa gbé táǹkì mẹ́ta tí ó kún gun òkè yẹn, kí ó sì tún máa fi bíréèkì dì í mú sọ̀ kalẹ̀, kò bọ́gbọ́n mu tí ọ̀nà míì bá wà. Nítorí náà, Cades Cove ni mo fi ṣe ibi ìsádi. Ìyàwó mi pe nọ́ńbà ìbéèrè ọgbà náà, a sì gbọ́ pé Sugarlands ṣí. A tẹ máàpù náà pa mọ́ sínú fóònù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó wà lọ́wọ́ wa, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìgbà yẹn ni mo tó tan ọkọ̀.

A kò gba àárín Gatlinburg. Ọ̀nà kan wà tí ó yí ìlú náà ká láti òkè, ọgbà ni ó ni ín, ó sì gbé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ sítòsí Sugarlands láìrí iná ojú ọ̀nà kankan. Ẹni tí ó bá wa RV, kí ó gba ibẹ̀.

Ọkọ̀ méjì ni ó wà níwájú wa. Mo lo àkókò náà láti fi han àkọ́bí wa bí wọ́n ti ń ṣe é, nítorí ọjọ́ iwájú rẹ̀ ni. A wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Mo gbé ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ sún mọ́ ihò, nítorí apá ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí ni ẹnu páìpù RV sábà máa ń wà ní Amẹ́ríkà. A so họ́ọ̀sì ńlá mọ́ ẹnu páìpù, a yí i títí ó fi há. A ti ẹnu kejì bọ inú ihò dáadáa, a sì fi nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́, nítorí bí ẹ̀gbin bá fi agbára jáde, họ́ọ̀sì lè fò jáde nínú ihò. Fáàfù táǹkì ìgbẹ́ ni a kọ́kọ́ ṣí. Àwọn kan ń kọ́kọ́ ṣí ti omi ìfọbọ́ nítorí pé kò kó wọn nírìíra. Wọ́n sọ ọ́ nù ni. Omi ìfọbọ́ tí ó kún fún ọṣẹ ni ó yẹ kí ó jáde gbẹ̀yìn, kí ó lè fọ ohun tí ó ti kọjá nínú họ́ọ̀sì kúrò. A tì í, a ṣí ìkejì, a dúró títí ohùn rẹ̀ fi rọlẹ̀. A fi omi ṣan ẹnu ihò àti ilẹ̀ tí ó yí i ká, nítorí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní irú ibi báyìí, ẹ̀rọ omi tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kì í ṣe ti mímu. Fún ìṣanlẹ̀ ni. Omi mímu máa ń wà ní ẹ̀rọ ọ̀tọ̀, họ́ọ̀sì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀, kí èèyàn má gbé wọn pọ̀ sínú àpótí kan náà láé.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, iná pátákó náà ṣì ń sọ pé ìdá kan nínú mẹ́ta kù nínú táǹkì. Irọ́ ni. Ìwé ìnùdí ti lẹ̀ mọ́ ojú tí ó ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó bá háyà RV kò gbọdọ̀ gbára lé iná yẹn nìkan. Etí ẹni àti iye èèyàn tí ó ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ó fi ṣírò. A da omi bíi gálọ́ọ̀nù méjì padà sínú táǹkì ìgbẹ́ pẹ̀lú oògùn tí ń jẹ ẹ̀gbin, kí ohun tí yóò kọ́kọ́ bọ́ sínú rẹ̀ má bàa gan mọ́ ilẹ̀. Mo ti yẹ ara oògùn náà wò kí n tó rà á. Èyí tí formaldehyde wà nínú rẹ̀ ń pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ó ń jẹ ẹ̀gbin nínú sọ́kàwéè, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn kòkòrò yẹn ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ níbẹ̀.

Ibi tí ó yé mi nìyẹn ìdí tí àwọn aládàáni fi ń fi ṣéènì dí ihò tiwọn. RV kì í lo omi púpọ̀, nítorí náà ẹ̀gbin rẹ̀ ki ju ti inú ilé lọ. Ilẹ̀ orí òkè kò jìn, àpáta wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì rọrùn kí ó fa omi mu. Ẹni tí ó ní sọ́kàwéè kan ṣoṣo ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí àjèjì ogún bá wá tú táǹkì síbẹ̀ ní ọjọ́ Sunday kan, tí àwọn kan nínú wọn tún ju aṣọ ìnulẹ̀ àti ìnudí ọmọ sínú rẹ̀, onílé yóò sanwó ọkọ̀ tí yóò fà á, yóò tún tẹ́ lójú àwọn tí ó sùn sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. N kò bínú sí ọkùnrin tí ó fi ṣéènì gbé e. Ohun tí mo rò pé ó kù díẹ̀ káàtó ni pé ìlú tí ń gba owó orí òtẹ́ẹ̀lì àti owó orí ìtajà lọ́wọ́ èrò tí ó pọ̀ tó báyìí yẹ kó fi ihò kan tàbí méjì sí gbangba, kí ó gba owó tí ó bá yẹ, kí ó sì kọ ọ́ sí ojú ọ̀nà ńlá bí wọ́n ti ń kọ ti ilé oúnjẹ.

Ní Elkmont, gbogbo nǹkan lọ bó ti yẹ. Màmá lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ọkọ̀ lóru, àwa tó kù sì ń lo ti àgọ́. Abọ́ kò jẹ́ kí ara wa balẹ̀ tán, nítorí ẹni tí ó bá ń se ọbẹ̀ ata fún èèyàn méje yóò fọ ìkòkò, omi yẹn kò sì gbọdọ̀ dé ilẹ̀. Òfin ọgbà náà le lórí rẹ̀, òórùn oúnjẹ sì ń pe béárì. Sínú bàsíà ni a ń fọ̀ ọ́, a ń gbé omi rẹ̀ lọ sí síǹkì tí wọ́n ṣe fún un lára ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àgọ́. Síbẹ̀, táǹkì omi ìfọbọ́ kún ṣáájú èyí tí a ń bẹ̀rù. Bí ó ti máa ń rí nìyẹn: ti ìgbẹ́ ni gbogbo ojú ń wò, ti abọ́ ni ó ń kọ́kọ́ kún.

A ní láti padà sí Sugarlands. Kì í ṣe ìrọ̀lẹ́, nítorí ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà Elkmont fún àwọn tí ìbò mú. Èmi àti àkọ́bí gbéra kí oòrùn tó yọ. Àwọn yòókù jókòó sílé pẹ̀lú àga àti aṣọ òtútù. Oúnjẹ kankan kò lè dúró tì wọ́n, ìbáà jẹ́ ìyẹ̀fun ẹ̀lùbọ́ tí a dì pa, nítorí inú ọkọ̀ tàbí inú àpótí tí béárì kò lè ṣí ni òfin ní kí ó máa wà. Oúnjẹ wa bá wa lọ da ẹ̀gbin, ó sì bá wa padà. Kò sí ọkọ̀ kankan ní ojú ihò ní àkókò yẹn.

Ọjọ́ Sunday tí a ń lọ sílé kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a dé Sugarlands, ìlà RV ti gùn. Dókítà kan láti Ohio tí ó wà níwájú wa ń kọ́ ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń so họ́ọ̀sì, nítorí ọkùnrin náà kò tíì ṣe é rí. Kò sí ẹni tí ó fun fèrè. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n lọ dúró tì wọ́n, wọ́n wò ó dé òpin. Mo ti pinnu pé Newfound Gap ni a ó gbà padà, kí àwọn àgbà lè rí òkè láti orí rẹ̀, nítorí náà gbogbo táǹkì gbọ́dọ̀ ṣófo, kí omi mímọ́ pàápàá má ju ìwọ̀n tí a ó lò lójú ọ̀nà lọ. Ilé iṣẹ́ tí a ti háyà ọkọ̀ náà sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá dá a padà pẹ̀lú ẹ̀gbin. Tí ìlà yẹn kò bá lọ síwájú rárá, Smokemont wà ní ìsàlẹ̀ òkè ní òdìkejì, máìlì díẹ̀ kí a tó jáde sí Cherokee.

Ìlà náà lọ síwájú. A tú u, a ṣan ilẹ̀, a gun òkè pẹ̀lú ọkọ̀ fífúyẹ́, a kọjá Smokemont láìyà, a sì gba ọ̀nà 441 wọ Georgia.